Kọ̀ǹpútà Nínú Ilé Ìwòsàn Lẹ́kkí àti Ajah

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2022 tí ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé ilẹ̀ Nàìjíríà láti wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera, ọ̀ràn kọ̀ǹpútà nínú ilé ìwòsàn ti kúrò ní ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Ó ti di ọ̀ràn aboyún tí ó wà ní Lángbàsà, ọ̀ràn awakọ̀ kórópe tí ń pe èrò lábẹ́ afárá Ajah, àti ọ̀ràn olùkọ́ tí ọmọ kílásì rẹ̀ dákú lójijì, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ oògùn tí ọmọ náà ń lò. Ètò adójútòfò kò lè rìn láìsí àkọsílẹ̀. Bí a kò bá mọ ẹni tí ó san owó, tí a kò mọ ẹni tí ó gba ìtọ́jú, tí a kò sì mọ ohun tí a fi tọ́jú rẹ̀, ta ni a ó sanwó fún, kí ni a ó sì sanwó lé lórí? Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí gbogbo wa fi ojú inú wo bí a ti ń gé aṣọ yìí, kí a tó rán an tán.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò sùn lórí ọ̀ràn náà. Ẹ jẹ́ kí á fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà ti ní òfin ètò ìlera tirẹ̀ láti ọdún 2015, a sì ṣí ètò tí a ń pè ní Ìlera Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 2018. Ní àkókò àrùn Kòrónà, ní ọdún 2020, wọ́n dá ètò sílẹ̀ tí aláìsàn lè fi bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìjáde kúrò nílé. Lẹ́hìn èyí ni wọ́n tún kéde ètò ńlá kan tí wọ́n fẹ́ fi so àwọn ilé ìwòsàn pọ̀ mọ́ ara wọn, kí àkọsílẹ̀ aláìsàn lè máa tẹ̀lé e láti ibi kan dé ibi kejì. Ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 2024. Èrò náà dára. Ẹni tí ó bá sọ pé kò dára, kò tí ì tò sórí ìlà ní ilé ìwòsàn láti aago mẹ́fà òwúrọ̀, kí wọ́n tó wá sọ fún un ní aago mẹ́wàá pé a kò rí káàdì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibo ni a fẹ́ lo ètò náà sí? Ilẹ̀ tí ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun yìí, láti Lẹ́kkí títí dé Ajah àti Ṣàngótẹ̀dó, jẹ́ ìlú méjì nínú ọ̀kan. Ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni ilé ìwòsàn ńláńlá ti àwọn aládàáni wà, irú Evercare tí ó ṣí ní Lẹ́kkí ní ọdún 2021. Ní agbègbè yìí kan náà ni a kọ́ àwọn ilé tí a ń kó àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà pamọ́ sí: ilé iṣẹ́ MainOne, tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba abẹ́ òkun láti ilẹ̀ Pọtogí wọ Èkó ní ọdún 2010, ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ní Lẹ́kkí ní ọdún 2015. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni àwọn tí ìjọba ológun lé kúrò ní Maroko ní oṣù keje ọdún 1990 ń gbé, ní Ilasan àti ní Ikota, àwọn àti ọmọ wọn. Àwọn apẹja wà ní etí omi, àwọn oníṣòwò kún ọjà Ajah, àwọn tí ń kọ́ ilé fún olówó sì ń sùn nínú ilé tí a kò tí ì kọ́ parí. Ìlú kejì yìí ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ìlú àkọ́kọ́ lè ra ìtọ́jú níbikíbi tí ó bá fẹ́.

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé orílẹ̀-èdè yìí, káàdì pálí àti ìwé rẹ́jísítà gbọọrọ ni nọ́ọ̀sì ṣì ń kọ. Bí oṣù bá parí, yóò jókòó, yóò ka iye aboyún tí ó wá, iye ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́, iye ẹni tí ibà ń ṣe, yóò kó gbogbo rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, a ó sì tẹ iye náà sínú ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní DHIS2, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń lò. Kí àwọn òǹkàwé wa kíyèsí i pé iye ni ó dé Àbújá. Aláìsàn kò dé ibẹ̀. Àbújá lè mọ̀ pé ogójì ọmọ ni ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn kan, tí márùndínlógójì péré sì padà wá gba ìkejì. Ta ni àwọn márùn-ún tí kò padà wá? Rẹ́jísítà mọ̀ wọ́n, bí a bá rí ẹni tí yóò ṣí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ìlà aláìsàn ń dúró dè kò ní àyè láti ṣe é. Bí kọ̀ǹpútà bá lè ṣe ohun kan yìí nìkan, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì ní àárọ̀ Ọjọ́rú pé ọmọ báyìí ní òpópónà báyìí kò wá, a ó gbà pé owó tí a ná lé e lórí kò ṣòfò.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń wí pé ìwé kíkọ kò wo àìsàn sàn. A rán irú wọn létí ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún náà ni èrò kan láti ilẹ̀ Làìbéríà gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó nínú ọkọ̀ òfurufú. Olóògbé Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọbáléndé kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde lọ, àrùn náà sì pa Dókítà Adadevoh ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Gbogbo ènìyàn ni ó rántí èyí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ọ̀pọ̀ ti gbàgbé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti fara kan aláìsàn sílẹ̀. Àwọn ènìyàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 ní Èkó, ní Port Harcourt àti ní ibòmíràn. Wọ́n ń lọ bá wọn nílé ní ojoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, wọ́n ń wo bí ara wọn ti gbóná tó, wọ́n sì ń fi fóònù ọwọ́ wọn ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́. Ìbẹ̀wò náà lé ní 18,000. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 ni ó kú nínú wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ẹ̀bólà ti kúrò ní Nàìjíríà. Láti inú ìrírí yìí ni àwọn onímọ̀ Nàìjíríà àti ti Jámánì ti pawọ́ pọ̀ ṣe ètò SORMAS, èyí tí ilé iṣẹ́ tí ń dènà àrùn ní Nàìjíríà wá lò nígbà tí Kòrónà dé.

Kí ni ó mú kí ètò fóònù ti ọdún 2014 ṣiṣẹ́? Ó tẹ̀lé ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ náà ti ń rìn láti ilé dé ilé kí fóònù tó dé. Fóònù kàn gba ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ibi tí ó dúró sí, kò sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ padà sí ọ́fíìsì.

A kò ní láti lọ jìnnà kí á tó rí àpẹẹrẹ mìíràn. Ní ọdún 1989, àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn yunifásítì náà, àti àwọn onímọ̀ láti ìlú Kuopio ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kan láti gbé àkọsílẹ̀ aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí bí iṣẹ́ ti ń lọ gan-an ní ilé ìwòsàn ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀: ọ̀dọ̀ ta ni fáìlì ti ń kúrò, ọ̀dọ̀ ta ni ó ń lọ, ibo ni ó ti ń sọnù. Nígbà tí ó ṣe, ó di ètò MINPHIS, tí ilé ìwòsàn yunifásítì mìíràn náà gbà. A kò sọ pé ètò náà pé tán. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Ifẹ̀ ti fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà lè ṣe irú nǹkan yìí. Ó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, bí a ti máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2002 ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan láti so gbogbo ilé ìwòsàn ilẹ̀ náà pọ̀. Lókè ni wọ́n ti yan àwọn ilé iṣẹ́ tí yóò ṣe é, lókè ni wọ́n ti sọ bí yóò ti rí, wọ́n sì wá gbé e fún àwọn ilé ìwòsàn pé kí wọ́n máa lò ó. Àwọn dókítà ráhùn pé a kò bi àwọn léèrè. Ní ọdún 2011 ìjọba kéde pé òun yóò tú ètò náà ká, lẹ́hìn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ bílíọ̀nù pọ́n-ùn ti wọ inú rẹ̀. Bí ó bá ṣe é ṣe kí irú èyí ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí iná kì í lọ, kí ni kí á retí ní ìlú tiwa bí a bá gba ọ̀nà kan náà?

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí pé níbẹ̀ ni àjèjì ètò ti máa ń kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí a ti ń bí ìbejì jù lọ ní gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ni a sì kọ́ láti máa fura bí ó bá rí ènìyàn méjì tí orúkọ ìdílé wọn, ọjọ́ ìbí wọn, àdírẹ́sì wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Yóò ní ẹnì kan ni a kọ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì fẹ́ pa wọ́n pọ̀. Báyìí ni abẹ́rẹ́ tí Táíwò gbà yóò ṣe di ti Kẹ́hìndé, tí a ó sì dá Kẹ́hìndé padà sílé láìfún un ní nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ Táíwò lè jẹ́ AS kí ti Kẹ́hìndé jẹ́ SS. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó wà láàrin méjèèjì yóò mọ̀ pé a kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Ẹ tún wo ọmọ tuntun. Ó yẹ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní kété tí a bá bí i, ọjọ́ kẹjọ ni a sì ń sọ ọ́ lórúkọ. Ètò tí kò lè gba ọmọ wọlé láìsí orúkọ yóò fi ipá mú akọ̀wé láti fi orúkọ ìyá rọ́pò. Nígbà tí ìyá bá padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ ti ní orúkọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ti bàbá, ti ìyá àgbà, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí kò nílò ìlàyé lórí ohun tí àmì abẹ́ ń ṣe: bí a bá yọ ọ́ kúrò lára Ṣọlá àti Sọlá, ẹni méjì di ẹnì kan. Bàbá àgbàlagbà tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, tí ó sọ pé ìgbà ogun Hitler ni a bí òun, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni akọ̀wé yóò tẹ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí ó ti tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN yóò ràn wá lọ́wọ́ níbi tí ó bá wà. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tìtorí pé ẹnì kan kò ní i kí á lé e padà kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Fóònù náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ètò ìgbàlódé fẹ́ràn kí ó máa fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ sórí fóònù. Fóònù ta ni? Nínú ilé púpọ̀, fóònù kan ni ọkọ, aya àti ọmọ jọ ń lò, ọwọ́ ọkọ ni ó sì máa ń wà. Obìnrin tí ó ṣe àyẹ̀wò kòkòrò HIV, tàbí tí ó gba oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, lè rí ìdààmú ńlá nítorí ìránṣẹ́ kan tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ láìronú. Òfin ìlera ti orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2014, ní kí a pa àṣírí aláìsàn mọ́. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ẹni, tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, sì ka ọ̀ràn ìlera mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù. Òfin wà. Inú ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ rí i: kí a bi aláìsàn léèrè ibi tí ó fẹ́ kí èsì rẹ̀ wá, kí ètò sì máa kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tí ó bá ṣí fáìlì rẹ̀ sílẹ̀.

Ti iná mànàmáná kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sí ẹni tí a ó kọ́ ní nǹkan nípa rẹ̀ ní Ajah. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí á sọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gba abẹ́ òkun gé ní etí ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ti MainOne wà lára wọn, ìdààmú sì bá àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ láti Èkó dé Àkrá. Bí báńkì bá dúró, oníbàárà yóò bínú lọ sílé. Obìnrin tí ń rọbí kò lè lọ sílé dúró de ìgbà tí wọn yóò so okùn abẹ́ òkun. Nítorí náà, ètò tí kò bá lè ṣiṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí, kí ó sì fi ohun tí ó ti gbà ránṣẹ́ nígbà tí ó bá padà dé, a kò gbọdọ̀ rà á, bí ó ti wù kí ó dùn ún wò tó.

Ó ku ọ̀ràn ẹni tí ó ni àkọsílẹ̀ náà. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ṣe ohun ìwúrí ní Èkó. Ilé iṣẹ́ Helium Health, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2016, ti gbé àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sórí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún kan náà ni LifeBank bẹ̀rẹ̀ sí fi fóònù àti alùpùpù gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún àwọn tí ó nílò rẹ̀. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ lè kógbá sílé. 54gene, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2019 láti ṣe ìwádìí lórí àbùdá ara àwọn ènìyàn Áfíríkà, gba owó ńlá lọ́wọ́ àwọn olówó òkèèrè. Ní ọdún 2023 ó ti ìlẹ̀kùn, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ohun tí a ti gbà lára àwọn aláìsàn. Ìbéèrè yìí yẹ kí ó wà nínú ìwé àdéhùn kí a tó fọwọ́ sí i, kì í ṣe lẹ́hìn ìsìnkú. Bí ìjọba bá gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan, kí a kọ ọ́ pé bí ilé iṣẹ́ náà bá lọ, gbogbo àkọsílẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ ìjọba àti aláìsàn ní irú ọ̀nà tí ètò mìíràn lè gbà kà á. Kí a sì jẹ́ kí ará ìlú rí àdéhùn náà.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú lè máa rò pé èyí kò kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n gidigidi. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó súnmọ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé jù. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, a sì dìbò yan àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, títí kan Etí-Ọ̀sà àti ìjọba agbègbè ìdàgbàsókè Etí-Ọ̀sà Ìlà-Oòrùn tí Ajah wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé wọn gun orí àga ni ẹ lè bi wọ́n léèrè, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà. Ẹni mélòó ni ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù yín? Ǹjẹ́ ó ti gba ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà rí? Níbo ni yóò ti rí iná? A ti rí i níbi púpọ̀ tí a ti ra kọ̀ǹpútà, tí a ya fọ́tò rẹ̀, tí eruku sì wá bò ó nítorí pé kò sí ẹni tí ó ronú kan owó ẹni tí yóò máa tẹ̀ ẹ́.

Àwọn olùkọ́ sì ni a fẹ́ bẹ̀ jù. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún tí ó ṣíwájú sí ohun tí ó lé ní 800,000. Ó pọ̀ ju ohun tí àwọn tí ń ṣírò ní Ìbàdàn ti retí lọ. Rẹ́jísítà àwọn olùkọ́, láti abúlé dé abúlé, ni ó jẹ́ kí ìjọba mọ iye àga àti iye olùkọ́ tí ó kù. Àwọn olùkọ́ òde òní ní Badore àti Ṣàngótẹ̀dó mọ orúkọ ọmọ, wọ́n mọ òbí rẹ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó ṣí kúrò ní àdúgbò. Ó yẹ kí wọ́n wà níbi tí a ti ń ṣe ètò yìí, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti apòògùn, kí wọ́n sì ní àṣẹ láti sọ pé ohun kan kò dára.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ Ilé Iṣẹ́ Ìlera ti Èkó kò pọ̀. Kí wọ́n mú ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ẹ̀bá Ajah, kì í ṣe ní Ìkòyí, kí wọ́n gbé ètò náà sí ibẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ní àkókò òjò, nígbà tí ọ̀nà kún fún omi tí iná sì ń lọ léraléra. Kí àwọn tí ó kọ ètò náà wá jókòó ti akọ̀wé níbẹ̀ ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lẹ́hìn oṣù mẹ́fà, kí a tẹ ohun tí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ jáde fún gbogbo ènìyàn láti kà, kí a tó ná kọ́bọ̀ kan sí i lórí àwọn tí ó kù.